Ẹ̀sùn Kì í Ṣe Ẹ̀rí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ẹ̀rọ Tó Ń Sọ Pé Akẹ́kọ̀ọ́ Kọ́ Ló Kọ Ìwé Rẹ̀

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tó fi gègé kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìmọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ gègé náà ni a fẹ́ sọ lóṣù yìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún tó kọjá, arábìnrin kan tó ń gbé ní Okokomaiko wá bá mi lẹ́yìn ìrun Àsárì. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí n kò ní dárúkọ. Ìwé kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí etí rẹ̀ ti ká nítorí bó ṣe ń ṣí i tó ń pa á dé. Iṣẹ́ tí olùkọ́ ní kí wọ́n kọ wá láti ilé ni. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ náà sì ní bí ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá iṣẹ́ náà kì í ṣe ọwọ́ ènìyàn. Olùkọ́ ti fún un ní òdo. Ó ní òru mẹ́ta ni òun fi kọ ọ́, àti pé bírò ni òun kọ́kọ́ fi kọ ọ́ sínú ìwé kí òun tó gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé lẹ́bàá títì.

Kí n má purọ́ fún yín, èrò tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé, àbí òótọ́ ni ẹ̀rọ yìí ń sọ? Mo mọ ọmọ náà láti kékeré, mo mọ ilé tó ti jáde, síbẹ̀ nọ́ńbà kan tí ẹ̀rọ kọ sórí ìwé fẹ́ borí gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Ó wò mí lójú, ó sì bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n máa kọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò dáa ni, kí wọ́n lè gbà pé èmi ni mo kọ ọ́?"

N kò rí èsì fún un lọ́jọ́ náà. Gbèsè èsì yẹn ni mo fẹ́ san níhìn-ín.

KÍ NI Ẹ̀RỌ NÁÀ Ń ṢE GAN-AN?

Láti ìparí ọdún 2022 tí ilé-iṣẹ́ OpenAI ní Amẹ́ríkà ti gbé ChatGPT jáde, kò pẹ́ kò jìnnà tí gbogbo ayé fi mọ̀ pé ẹ̀rọ lè kọ àròkọ. Akẹ́kọ̀ọ́ lè jókòó sí Ìbà, kó tẹ ìbéèrè olùkọ́ sínú fóònù rẹ̀, kí ìdáhùn olójú-ewé mẹ́ta sì jáde kí omi tó hó lórí iná. Ẹ̀rù ba àwọn olùkọ́, ẹ̀rù wọn sì tọ́. Inú ìbẹ̀rù yìí ni àwọn oníṣòwò ti gbé ẹ̀rọ mìíràn wá sọ́jà, èyí tí wọ́n ní yóò máa ya ìwé tí AI kọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ènìyàn kọ. Ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò ni a ó máa pè é nínú àròkọ yìí.

Ẹ jẹ́ kí á mọ̀ pé ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹlẹ́rìí ni ẹni tí ọ̀rọ̀ ṣojú rẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kò sí nínú yàrá nígbà tí arábìnrin yẹn ń kọ̀wé, kò rí ọwọ́ rẹ̀, kò sì rí fìtílà tó tàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ka ọ̀rọ̀ inú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e jẹ́ ohun tí ènìyàn lè rò tẹ́lẹ̀. Bí mo bá sọ pé "Ọ̀kadà sáré kọjá lójú", gbogbo yín lẹ ti mọ̀ pé "títì" tàbí "ọ̀nà" ni mo fẹ́ pè. Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé bá rọrùn láti rò tẹ́lẹ̀ báyìí, tí gígùn gbólóhùn rẹ̀ sì ń dọ́gba, ẹ̀rọ á ní ó jọ iṣẹ́ AI. Bí ọ̀rọ̀ tí a kò retí bá pọ̀ níbẹ̀, tí gbólóhùn kan gùn tí èkejì kúrú, á ní ó jọ iṣẹ́ ènìyàn. Àwọn mìíràn nínú wọn ni a ti fi ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé ènìyàn àti ìwé AI kọ́, wọ́n wá ń fi ìwé tuntun wé àwọn ti àtijọ́.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà "jọ". Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Táíwò jọ Kẹ́hìndé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní làákàyè tí yóò na Kẹ́hìndé nítorí ohun tí Táíwò jí.

Ta wá ni ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ rọrùn láti rò tẹ́lẹ̀? Ẹni tó fi ìṣọ́ra kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ẹni tí kò bá èdè náà nílé, tí olùkọ́ ti kìlọ̀ fún pé kó kọ gbólóhùn rẹ̀ kó gún régé, kó má lo ọ̀rọ̀ tí kò dá a lójú. Èmi àti ẹ̀yin nìyẹn. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ kan ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà mú àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ fún ìdánwò TOEFL, wọ́n sì kó wọn fún ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò méje. Ènìyàn ló kọ gbogbo wọn. Síbẹ̀, bí a bá pín àṣìṣe àwọn ẹ̀rọ náà dọ́gba, ó lé ní 60 nínú ọgọ́rùn-ún àròkọ wọ̀nyí tí wọ́n pè ní iṣẹ́ AI. Nínú 91 náà, 89 ni ó kéré tán ẹ̀rọ kan fẹ̀sùn kàn. Nígbà tí wọ́n kó àròkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà fún àwọn ẹ̀rọ kan náà, díẹ̀ báyìí ni wọ́n ṣì mú níbẹ̀.

Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé àwọn onímọ̀ náà tún ní kí ChatGPT bá wọn fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jinlẹ̀ tún àròkọ TOEFL wọ̀nyẹn ṣe. Ẹ̀sùn já wálẹ̀ láti nǹkan bí 61 nínú ọgọ́rùn-ún sí nǹkan bí 12. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti dojú rú? Nígbà tí kò sí ọwọ́ AI nínú iṣẹ́, wọ́n ní AI ni. Nígbà tí AI wá fọwọ́ kàn án, wọ́n ní ènìyàn ni.

Àwa ọmọ Nàìjíríà gan-an ti rí irú rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, Paul Graham, oníṣòwò ńlá kan nídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, kọ ọ́ sórí Twitter, tí wọ́n ti sọ di X, pé ẹnìkan kọ lẹ́tà sí òun, òun sì rí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà "delve" nínú rẹ̀. Lójú tirẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ChatGPT fẹ́ràn ni. Àwọn ọmọ Nàìjíríà fún un lésì lọ́tùn-ún lósì pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi kọ́ àwọn láti kékeré ni, àti pé AI kò tíì sí nígbà tí àwọn ti ń lò ó. Bí ọlọ́gbọ́n ènìyàn bá lè fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fura sí odindi orílẹ̀-èdè, kí ni a fẹ́ retí lọ́wọ́ ẹ̀rọ?

Ẹ JẸ́ KÍ Á ṢÍRÒ RẸ̀

Ẹlòmíràn á ní àṣìṣe kékeré kò ba nǹkan jẹ́. Ẹ mú bírò, ẹ jẹ́ kí á jọ ṣírò. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023, OpenAI fúnra rẹ̀, tó ṣe ChatGPT, gbé ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò tirẹ̀ jáde. Wọ́n jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀ pé nínú ọgọ́rùn-ún ìwé tí AI kọ, 26 péré ló ń mú, àti pé nínú ọgọ́rùn-ún ìwé tí ènìyàn kọ, ó ń fẹ̀sùn kan 9.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ 1,000 ló fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ká ní 100 nínú wọn lo AI, tí 900 sì ṣe òtítọ́. Ẹ̀rọ náà yóò mú 26 nínú àwọn 100. Nínú àwọn 900, ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ni yóò fẹ̀sùn kàn, 81 nìyẹn. Ènìyàn 107 ni yóò dúró níwájú olùkọ́ bí ọ̀daràn. Aláìṣẹ̀ ni 81 nínú wọn. Àwọn 74 tó jẹ̀bi lóòótọ́ sì wà nílé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò tó oṣù mẹ́fà tí OpenAI fi kó ẹ̀rọ náà kúrò nílẹ̀, ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún kan náà, wọ́n ní òye rẹ̀ kò tó.

Òótọ́ ni pé àwọn ẹ̀rọ mìíràn ti dára ju ìyẹn lọ, a kò sì gbọdọ̀ fi irọ́ bá irọ́ jà. Ilé-iṣẹ́ Turnitin sọ pé àṣìṣe tiwọn lórí aláìṣẹ̀ kò tó ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ká gbà bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Vanderbilt ní Amẹ́ríkà náà gbà á, wọ́n sì ṣírò rẹ̀: iṣẹ́ 75,000 ni akẹ́kọ̀ọ́ wọn fi ránṣẹ́ lọ́dún 2022, ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ yẹn jẹ́ 750. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023 ni wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Turnitin fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fi nọ́ńbà tí ẹ̀rọ àwọn bá gbé jáde nìkan fìyà jẹ akẹ́kọ̀ọ́. Bí alágbẹ̀dẹ bá sọ pé àdá tí òun rọ kò yẹ fún iṣẹ́ kan, ta ni a jẹ́ tí a ó ní ó yẹ?

Ó TI ṢẸLẸ̀ NÍ ILÉ WA

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni gbogbo èyí, kó rántí ọdún 2025. Ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àjọ JAMB gbé èsì ìdánwò UTME jáde. Nínú àwọn ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù méjì, ó lé ní mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ tí kò gba 200 nínú 400. Ẹ ò gbàgbé ohun tí a ń sọ nígbà náà. Wọ́n ní ọmọ ìwòyí kì í kàwé, fóònù ló bà wọ́n jẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó fi hàn pé ọ̀nà ìjíwèé wò ti dí. Àwọn ọmọ ń sunkún pé èsì àwọn kọ́ nìyí, àwọn àgbà ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé tó jẹ́ ọ̀gá àgbà JAMB nígbà náà jáde sí gbangba ní Àbújá, ó ní ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Àtúnṣe tó yẹ kí wọ́n gbé sórí gbogbo kọ̀ǹpútà tó ń gba ìdáhùn kò dé orí àwọn kan. Ibùdó ìdánwò 157 ni ọ̀rọ̀ náà kàn, àti akẹ́kọ̀ọ́ 379,997. Nínú wọn, ibùdó 65 àti akẹ́kọ̀ọ́ 206,610 jẹ́ ti agbègbè Èkó wa yìí. Ìyókù wà ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Omi bọ́ lójú àgbà náà níwájú àwọn akọ̀ròyìn, ó tọrọ àforíjì, ó sì gba ẹ̀bi náà sọ́rùn ara rẹ̀. Láti ọjọ́ 16 ni àwọn ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìdánwò ṣe.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún kan WAEC. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, wọ́n ní 38.32 nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ ló yege nínú iṣẹ́ márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò wà nínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọ́n sọ pé àṣìṣe ti wọ inú èsì náà. Lẹ́yìn àtúnṣe, ó di 62.96. Ohun tó fà á yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Wọ́n ti ṣe ìwé ìbéèrè lóríṣiríṣi kí ẹnìkan má baà wo ti ẹnìkejì, ìdáhùn tí kì í ṣe ti ìwé náà ni wọ́n sì fi máàkì iṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a ṣe láti dí ọ̀nà mọ́ olè ló wá ṣubú lu ọmọ tí kò jalè.

Èmi kò mú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí wá láti bú ẹnikẹ́ni. Mo mú un wá nítorí pé wọ́n ṣe ohun kan tí ó yẹ ká kọ́: nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n padà lọ yẹ ẹ̀rọ wò, wọn kò dúró lórí pé ẹ̀rọ kì í purọ́. Àmọ́ ẹ rántí pé nǹkan bí 380,000 ọmọ ló jọ pariwo ti JAMB. Bí ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò bá ṣi ọmọ kan ṣoṣo mú nínú kíláàsì kan, ta ni yóò bá a pariwo?

ỌWỌ́ INÚ ÒKÌTÌ ỌKÀ

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Abū Hurayrah gbà wá, tó wà nínú àkójọ Imām Muslim, tí àwọn oníwàásí fẹ́ràn láti máa mẹ́nu bà nígbà tí wọ́n bá ń bá àwọn ọlọ́jà wí. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọjá níwájú òkìtì oúnjẹ oníhóró tí ọkùnrin kan ń tà. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ọ̀rinrin nísàlẹ̀. Ó bi ọkùnrin náà pé kí lèyí. Ọkùnrin náà dáhùn pé òjò ló pa á. Ànábì wá bi í pé kí ló dé tí kò gbé èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń rẹ́ni jẹ kò sí lára òun.

Ìparí ọ̀rọ̀ yìí nìkan la máa ń gbé, a sì tọ̀nà láti gbé e, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé iṣẹ́ AI fún olùkọ́ pé òun ló kọ ọ́, ọkà tó tutù ló ń tà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ìdájọ́ náà ṣe rìn kó tó dé ìparí. Èkíní, ó ti ọwọ́ ara rẹ̀ bọ̀ ọ́. Kò fi ojú wo òkìtì lókèèrè dájọ́. Èkejì, nígbà tó tilẹ̀ ti fọwọ́ kan ọ̀rinrin, ó ṣì béèrè. Ẹ̀kẹta, ó jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ tẹnu rẹ̀ kó tó bá a wí. Ẹ̀kẹrin, ó fi ọ̀nà àtúnṣe hàn án.

Ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò ń wo òkìtì lókèèrè ni. Ó lè sọ fún olùkọ́ pé, "Ó dà bí ẹni pé nǹkan wà níbí." Kò ní ọwọ́ tí yóò tì bọ̀ ọ́, kò sì lè béèrè. Olùkọ́ ló ni ọwọ́. Ẹ̀ṣẹ̀ olùkọ́ kọ́ ni pé ó gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ sọ. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé ó dúró síbẹ̀. Sūratul Hujurāt pa á láṣẹ fún wa pé bí aláìṣòótọ́ bá mú ìròyìn wá, kí á wádìí rẹ̀ dájú kí á má baà fi àìmọ̀ ṣe àwọn ènìyàn níbi, kí á wá kábàámọ̀. Ẹ̀rọ kì í ṣe olóòótọ́, kì í sì ṣe òpùrọ́, nítorí kò mọ ohun tó ń sọ. Ìròyìn ẹni tí kò mọ ohun tó ń sọ, ṣé kò yẹ kí ìwádìí tirẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ jù ni?

Nígbà tí wọ́n rán Alí ọmọ Abū Tālib lọ ṣe adájọ́ ní Yémẹ́nì, ìmọ̀ràn tí Ànábì fún un ni pé bí ẹni méjì bá jókòó síwájú rẹ̀, kó má dá ẹjọ́ títí yóò fi gbọ́ ti ẹnìkejì bó ṣe gbọ́ ti ẹni àkọ́kọ́. Àwọn baba wa tó ń sọ pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni, ohun kan náà ni wọ́n ń wí. Wọ́n sì fi òfin mìíràn lé wa lọ́wọ́ nínú ẹ̀sìn: ẹni tó fẹ̀sùn kanni ló ni ẹrù ẹ̀rí. Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kọ́ ni yóò máa sáré kiri láti fi hàn pé òun kò ṣe é. Báwo ni ènìyàn tilẹ̀ ṣe ń mú ẹ̀rí wá pé òun ló ro èrò ara òun?

ṢÉ KÍ Á WÁ FI OLÈ SÍLẸ̀ NI?

Mo gbọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń sọ lọ́kàn. Á ní, "Ìwọ òǹkọ̀wé yìí, o fẹ́ gbèjà àwọn ọ̀lẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ kò kàwé mọ́, AI ni wọ́n ń kó fún olùkọ́, o wá ní kí olùkọ́ má lo ohun èlò tó rí." Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì tó fi AI gba ìwé-ẹ̀rí ni yóò fún ìyá wa lábẹ́rẹ́. Ẹni tó ṣe òtítọ́ tó gba 55 ń jókòó ti ẹni tó gba 80 tí kò ka ojú-ìwé kan. Ìwà ìrẹ́jẹ ni, òun náà sì ń fìyà jẹ aláìṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ìyà méjèèjì. Bí olè bá bọ́ lọ lónìí, ọ̀nà láti mú un ṣì pọ̀: ìdánwò inú gbọ̀ngàn ń bọ̀, iṣẹ́ tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ń bọ̀, Ọlọ́hun kò sì sùn. Bí a bá pe aláìṣẹ̀ lólè, àwa tí a yẹ kí a gbèjà rẹ̀ la ti dúró lé e lórí. Àbùkù náà á máa tẹ̀ lé e. Ó sì ń kọ́ ọ ní ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ padà síbi ìbéèrè arábìnrin yẹn: ó fẹ́ ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jẹ́ kí ẹ̀rọ lè gbà á gbọ́. Àwọn mìíràn ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kọ. Àwọn mìíràn sì ń san owó fún ètò kọ̀ǹpútà tó ń tún ìwé kọ kí ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò má baà fura sí i. Ilé-ẹ̀kọ́ wo la ń kọ́ yìí, níbi tí olóòótọ́ ti ń kọ́ ìṣe olè kí wọ́n má baà pè é lólè?

Wọ́n á tún ní olùkọ́ kan lè ní akẹ́kọ̀ọ́ 300, níbo ni yóò ti rí àyè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan? Kò pọn dandan kó bi gbogbo wọn. Àwọn tó fẹ́ dá lẹ́bi nìkan ni kó bi. Ẹni tí kò bá sì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti fi gbọ́ ẹjọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò ní ẹ̀tọ́ láti dá a lẹ́bi.

Ẹ rántí Usāmah ọmọ Zayd. Lójú ogun, ọkùnrin kan tó bá a jà pe kálímà nígbà tí Usāmah gbá a mú. Usāmah pa á, nítorí ó rò pé ìbẹ̀rù ló mú un sọ ọ́. Ànábì bi Usāmah bóyá ó la ọkàn ọkùnrin náà wò. Inú ọmọ ènìyàn jìn. Bí a kò bá gba sàhábé tó jẹ́ àyànfẹ́ láyè láti máa fi ìfura dájọ́ ohun tó wà nínú ọkàn, a ó wá gba ẹ̀rọ láyè bí?

OHUN TÓ YẸ NÍ ṢÍṢE

Àwọn tó ń ka ìwé yìí ní agbègbè wa, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú yín. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ti wà ní Ọ̀jọ́ láti ọdún 1983. Ní Ọ̀tọ̀-Ìjànikin, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéníran Ògúnsànyà ti di yunifásítì ẹ̀kọ́ olùkọ́ ti ìpínlẹ̀ wa láti ọdún 2022. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹni tí wọ́n ń fẹ̀sùn kàn lónìí ni yóò di olùkọ́ lọ́la. Ẹ̀yin náà yóò jókòó sórí àga ìdájọ́. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni mo fẹ́ gbà parí ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ó di olùkọ́: ẹ kọ́kọ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ yín, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ gba AI láyè dé àti ibi tí ẹ kò gbà á. Bí ẹ bá lo ẹ̀rọ ayẹ̀wéwò, kí ó jẹ́ ìdí láti béèrè, kó má jẹ́ ìdí láti fìyà jẹni. Ẹ béèrè ìwé tó kọ́kọ́ kọ. Ẹ ní kó ṣàlàyé èrò tó wà ní ojú-ìwé kejì, kó sọ ìdí tó fi lo ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tó kọ̀wé fúnra rẹ̀ lè má rántí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò mọ ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀. Ẹ má fi ti ẹni tí ẹ fẹ́ràn bò, kí ẹ fi ti ẹni tí ẹ kò fẹ́ràn hàn. Kí ọ̀nà sì wà tí ẹni tí ìdájọ́ kò tẹ́ lọ́rùn lè gbà pe ẹjọ́ lọ síwájú.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: ẹ má ju ìwé tí ẹ kọ́kọ́ kọ nù. Ẹ kọ ọjọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ Google Docs lẹ fi ń kọ̀wé, ó ń tọ́jú ìtàn bí iṣẹ́ ṣe ń dàgbà láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ìyẹn sàn ju ìbúra lọ. Bí wọ́n bá gbà yín láyè láti lo AI, ẹ sọ ibi tí ẹ ti lò ó. Ẹ gbé èyí tó tutù sókè kí wọ́n rí i. Bí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn yín tí ẹ kò sì ṣe é, ẹ má bú olùkọ́, ẹ má sì dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè pé kó bi yín ní ìbéèrè lórí iṣẹ́ náà.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ pé AI ló bá òun kọ ọ́ nígbà tí wọ́n ti ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, kó má fi àṣìṣe ẹ̀rọ ṣe ibi ìsádi. Kó má gbé orúkọ Ọlọ́hun búra irọ́ nítorí máàkì mẹ́wàá. Gbogbo irọ́ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá pa lónìí ló ń mú kí wọ́n má gba aláìṣẹ̀ gbọ́ lọ́la. Kó jẹ́wọ́, kó tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe.

Arábìnrin wa padà lọ bá olùkọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Ó mú ìwé tó fi bírò kọ lọ́wọ́, tòun ti ibi tó ti fa ìlà nù àti ibi tí epo fìtílà kán sí. Olùkọ́ náà bi í ní ìbéèrè mẹ́rin lórí iṣẹ́ náà, ó dáhùn wọn. Ó dá máàkì rẹ̀ padà fún un. Mo yin olùkọ́ náà, nítorí kì í rọrùn fún àgbà láti yí ohun tó ti kọ padà. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ gbà.

Èsì mi fún ọ nìyí, àbúrò mi, àti fún gbogbo ẹni tó wà ní irú ipò rẹ: rárá, má ba Gẹ̀ẹ́sì rẹ jẹ́. Kọ èyí tó dára jù tí agbára rẹ ká. Tọ́jú ìwé rẹ. Ọjọ́ tí ìwọ náà bá jókòó tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ wá síwájú rẹ pẹ̀lú nọ́ńbà lórí rẹ̀, rántí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, kí o ti ọwọ́ bọ inú òkìtì kí o tó sọ̀rọ̀.

Kí Ọlọ́hun fi òdodo sí ọwọ́ àwọn tó ń dájọ́ láàárín wa, kí Ó sì fi òtítọ́ sí gègé wa. Àmín.